Ìjókòó Àwọn Sẹ́ẹ̀lì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025
Yaba. Ímeèlì dé láti ọ̀dọ̀ alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò — Ọ̀gá Iyèméjì ni mo ń pè é níhìn-ín. A gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ìyá méjì-méjì: ọ̀kan jogún jíìnì tí a fura sí, àìsàn ọpọlọ sì mú un, èkejì kò jogún rẹ̀, ara rẹ̀ dá. A sọ ẹ̀jẹ̀ di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ nínú àwo oníkòtò kéékèèké, a ya àwòrán wọn. Ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì àwọn tó jogún kúrú. Ó ní àwo ló ń tàn wá. Bí a kò bá já a nírọ́ kí ìpàdé ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n tó dé, wọ́n á da iṣẹ́ náà nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Inú bí mi.

Ọjọ́rú, 5
Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀gbẹ́ etí àwo ni sẹ́ẹ̀lì ọ̀pọ̀ aláìsàn wà. Mo bi Jael, tó ń gbin sẹ́ẹ̀lì, bó ṣe ń tò wọ́n. Ó wò mí bí ẹni pé mo bi í bóyá ó ń kí àgbà. Ó ní: Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣíwájú, mà; àbúrò á tẹ̀lé e. Láti etí wá sáàárín. Nínú àwọn ìdílé tiwa, ẹ̀gbọ́n ló ṣàìsàn jù. Etí àwo sì ni omi ti ń tètè gbẹ, ìyẹn sì lè mú kí ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì kúrú.
Láyí, tó ń ya àwòrán, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú: "Ẹ bọ̀wọ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé wọn jókòó sínú oòrùn!"

Ọjọ́bọ̀, 6
A yọ sẹ́ẹ̀lì míì nínú yìnyín. Omi lásán ni kó wà létí. Jael da ètò wọn rú, òun nìkan ló mọ ibi tó fi oníkálukú sí, kí ojú wa má bàa ṣègbè. Láyí bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún òun. Jael ní ọkọ òun gan-an ò ní gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Wọ́n ń dàgbà. Iná lọ nígbà mẹ́ta — jẹnẹrétọ̀ gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Àwòrán ti pé. Ẹ̀ka aláwọ̀ ewé nínú òkùnkùn, bí ewé dongoyárò. Mi ò mọ èwo ni ti ta.

Ọjọ́bọ̀, 27
Láyí ń ka bí ẹ̀ka ṣe gùn tó, Jael ń dáhùn.
Ó kúrú. — Ó jogún.
Ó gùn. — Kò jogún.
Ó kúrú. — Ó jogún.
Ó kúrú, ó kúrú gan-an. — Ẹ̀gbọ́n Surulere yẹn, ó jogún.
Bẹ́ẹ̀ ni títí dópin. Ìdílé kan péré ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín kúkúrú àti gígùn kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Etí àwo ti fi kún un nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó wà! Jael ké "Jésù!" tí àwọn ará yàrá kejì fi sáré wá. Láyí ń jó láìsí orin.

Ọjọ́ Ẹtì, 28
Ìpàdé lórí fídíò. Mo kọ́kọ́ fi àṣìṣe wa hàn, mo wá fi àwòrán tuntun tẹ̀lé e. Ọ̀gá Iyèméjì yọ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Ó ní inú sẹ́ẹ̀lì ni ìyàtọ̀ náà wà lóòótọ́, kì í ṣe àwo, òun gbà. Ó bi mí ìgbà tí a lè bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ìdílé yòókù.
Mo yí kámẹ́rà sí Jael. Ó ti wọ ìbọ̀wọ́, ó ń gbin tiwọn lọ.