Tánsọ̀n Tó Dára àti Tánsọ̀n Tó Ń Fọ́ Mi Lórí

Rubino,
oṣù Mars, 1987.

Sàdíà, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú àbọ̀ láti Bouaké tí àwọn ọ̀gá rẹ rán ọ lọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru, mo sì kí ọ kú ariwo Abidjan, nítorí mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ báyìí, mo sì mọ̀ pé ìkíni tọ́ sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Ọba tó mú ọ lọ tó mú ọ bọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ràmúlátù ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí n kọ èyí kí n tó kọ nǹkan mìíràn. Ewúrẹ́ wa tó lóyún ti bímọ, ìbejì ni, dúdú ni àwọn méjèèjì. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ó ṣí páànù ilé ìdáná, ṣùgbọ́n mo ti kàn án padà. Ara wa le, àgàgà ọrùn mi, òun gan-an ni mo sì tìtorí rẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí, nítorí ọjọ́ tí o pè mí sí tẹlifóònù ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀rọ̀ wa kò yé ara wa.

O bi mí pé ṣé ọrùn ṣì ń dùn mí, mo sì dá ọ lóhùn dáadáa, mo mi orí pé rárá, o sì ń pariwo álò, álò, bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. O bèèrè pé ṣé mo rí dókítà, mo tún fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ariwo álò kan náà ni o tún ń pa. Ọkùnrin ilé ìfìwéránṣẹ́ ní ẹnu ni wọ́n fi ń dáhùn nínú ẹ̀rọ yẹn. Mo ní ọmọ mi ni, láti kékeré ni mo ti ń mi orí sí i tó sì ń yé e. Kí n tó wá la ẹnu, wọ́n ti gé e. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, kí o lè mọ bí ó ṣe lọ nígbà tí o kò sí nílé.

O mọ̀ pé orí yìí ti ń fọ́ mi tipẹ́. Láti ẹ̀yìn ọrùn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, á gun àárín orí, á wá dì mí yíká iwájú bí ìgbà tí àgbàlagbà bá dé fìlà ọmọdé. Ọrùn náà sì gan bí igi. Bí oníbàárà bá kí mi láti ẹ̀gbẹ́, àfi kí n yí gbogbo ara pẹ̀lú àga. Mo ń ra oògùn oníhóró lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbé e sínú agbọ̀n kiri, èyí tó pupa àti èyí tó láwọ̀ méjì, mo ń lò ó láràárọ̀ kí n tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, síbẹ̀ orí kò yéé fọ́.

Ohun tí n kò sọ fún ìwọ, tí n kò sì sọ fún ìyá rẹ, ni pé ẹ̀rù ń bà mí. O rántí ikú tó pa Sùlè àbúrò mi. Orí fífọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà ní tánsọ̀n ni, bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn, kò sì pẹ́ tó fi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà, bí orí bá ti fọ́ mi, Sùlè ni mo máa ń rí.

Nítorí náà, nígbà tí o ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Abidjan kí n lọ rí dókítà ní Plateau níbi tí iṣẹ́ rẹ wà, n kò jiyàn. Georgette, onílé rẹ, pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin, ó gbé mi lọ sí ilé yín ní Boribana, ó fún mi ní yàrá rẹ láti sùn. Obìnrin dáadáa ni. Yorùbá Kétu tó ń sọ yẹn dùn létí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ó bá ti bínú, Faransé ló máa ń bọ́ sí. Lọ́jọ́ kejì ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn náà, ó ní òun fẹ́ wọlé pẹ̀lú mi. Mo ní kó máa lọ sídìí ọjà rẹ̀, pé èmi kì í ṣe ọmọdé, mo gbọ́ Faransé tí mo fi ń ta ọjà.

Wọ́n gba káàdì ìdánimọ̀ mi láti fi kọ fọ́ọ̀mù. Akọ̀wé náà kà á sókè pé wọ́n bí mi, 'vers 1931'. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí 'vers' yìí lára káàdì náà, mo sì ní ọjọ́ tí màá tún un ṣe rèé. Mo sọ fún un pé Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí, pé n kò dé ìlú tó ń jẹ́ Vers rí, kó bá mi pa á rẹ́. Ó wò mí, ó rọra kọ nǹkan, mo sì rò pé ó ti tún un ṣe. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé 'vers' kì í ṣe ìlú, pé ohun tó ń sọ ni pé wọn kò mọ ọdún tí wọ́n bí mi gan-an. Èyí wá dùn mí ju ti ìlú lọ, nítorí ìyá mi mọ̀ ọ́n dáadáa, ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo ni.

Nọ́ọ̀sì kan wá di aṣọ mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i bí ẹni ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́, ó wo aago rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní tánsọ̀n mi dára gan-an. Sàdíà, ọkàn mi já. Ohun tó pa Sùlè ti wà nínú mi, ara rẹ̀ sì le, ó ń ṣe dáadáa.

Wọ́n mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Mo ti dé fìlà mi tó dára, wọ́n ní kí n ṣí i. Mo ti gbọ́ pé àwòrán yẹn ń rí inú orí ènìyàn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Fátíà sínú, kó lè jẹ́ pé òun ni wọn yóò bá níbẹ̀, kí wọ́n má bá ìjà tí mo bá ìyá rẹ jà ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò nílé. Mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti yẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, kò sí ojú, kò sí irùngbọ̀n, eyín nìkan ló hàn. Mo ní kí wọ́n tún un yà, wọ́n ní kí n máa lọ bá dókítà.

Dókítà obìnrin ló wá rí mi. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ọrùn mi, mo fò sókè. Ó tẹ èjìká, mo tún fò. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé Plateau, èyí tó ń sáré bí omi, tánsọ̀n nìkan ni mo sì ń gbọ́ nínú rẹ̀, tánsọ̀n níhìn-ín, tánsọ̀n lọ́hùn-ún. Ó fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ya ọkùnrin kan sí. Ọkùnrin náà na gbalaja sílẹ̀, ó dijú, ó sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń tẹ́ òkú mùsùlùmí sínú sàréè. Dókítà ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Kí ló tún kù? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ká ìwé náà, mo jáde.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti Plateau dé ọjà Adjamé. Àwọn ọkọ̀ akérò gbàkà ń pè mí kí n wọlé, mo ní ẹni tó ń lọ kú, kí ló ń kánjú fún. N kò sunkún. Ìwọ ni mo ń rò. Mo ń rò pé o wà ní Bouaké, wàá dé, wọn yóò sọ fún ọ. Mo ń rò pé n kò tíì kọ́ ìyá rẹ bí a ṣe ń fi epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ, pé yóò tà á lówó pọ́ọ́kú. Mo wá ní kí n má tilẹ̀ fi wàhálà aṣọ òkú sílẹ̀ fún yín.

Bí mo ṣe dé ìsọ̀ Màmúdù nìyẹn, ará Ìsẹ́yìn tó ń ta aṣọ, tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní kó já aṣọ funfun tí wọ́n fi ń sin òkú fún mi. Ó kí mi kú àdánù, ó bi mí pé báwo ni òkú náà ṣe ga tó. Mo ní ó ga tó mi. Ó ní ṣé ó sanra? Mo ní kó fi mí wọ̀n ọ́n, mo sì na apá. Ó wọ̀n ọ́n, ó gé e, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó dín owó rẹ̀ kù. Ìgbà tó ń ká a ló wá bi mí pé ta ló kú nínú ilé wa. Mo ní èmi ni.

Màmúdù kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ní kí èmi náà jókòó, ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó ju aṣọ náà sí ẹ̀yìn ìsọ̀, ó ní láyé òun kò ní tà á fún mi. Ó ní kí aládùúgbò rẹ̀ bá òun wo ọjà, ó dì mí lápá mú, a padà sí Plateau, a sì jókòó títí dókítà náà fi ráyè wa.

Màmúdù gbọ́ Faransé jù mí lọ. Ó bi í pé ìgbà wo ni ọkùnrin yìí yóò kú. Dókítà náà lanu, Màmúdù sì sọ ti aṣọ òkú fún un. Ó wá fara balẹ̀ ṣàlàyé, Màmúdù sì ń túmọ̀. Ó ní orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe nǹkan méjì. Tánsọ̀n tí wọ́n wọ̀n lápá mi, agbára ẹ̀jẹ̀ ni, kò sì ga rárá. Èkejì ni pé àwọn iṣan ọrùn àti èjìká mi ló ń le, tí wọ́n ń fa ara wọn, tí ìrora wọn sì ń gun orí. Ó tẹ̀ ba, ó gbé èjìká mọ́ etí, ó na ọrùn síwájú bí ẹni ń ránṣọ, àfi bí ìgbà tí ó ti rí mi nídìí ẹ̀rọ. Mo ní ṣé bí ìgbà tí a bá fún òwú ẹ̀rọ le jù, tí aṣọ á wá máa súnkì ni? Màmúdù sọ ọ́ fún un, ó sì pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin inú àwòrán yẹn ń na ọrùn ni, kò kú.

Ó ní oògùn tí mo ń gbé mì láràárọ̀ wà lára ohun tó ń fọ́ mi lórí báyìí, pé ó ti mọ́ mi lára jù. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, pé orí fífọ́ náà yóò kọ́kọ́ le sí i kó tó dẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì rí. Ó ní ṣùgbọ́n bí orí bá fọ́ mi lójijì lọ́nà tí kò ṣe rí, tàbí tí ọwọ́ kan bá kú, tàbí tí ahọ́n bá wúwo, kí n sáré wá. Mo tún mi orí, òun rí i, ó sì yé e.

Nígbà tí mo dé ilé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ, títí kan ti aṣọ funfun. Ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní bí mo bá tún fẹ́ kú, òun ni kí n kọ́kọ́ sọ fún kí n tó sọ fún aláṣọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ri aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná, tó ń fún un, tó ń gbé e lé mi lọ́rùn ní ìrọ̀lẹ́, tó sì ń fi òrí ra èjìká mi. A kì í jà mọ́ nídìí rẹ̀, nítorí ọrùn mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti fi bíríkì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sókè, n kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí mo bá rán ṣòkòtò kan tán, mo ń dìde, mo ń yí èjìká, mo ń rọra yí orí sọ́tùn-ún, sósì. Ará Àbé kan, ọmọ onílẹ̀ ibí, wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dá iye tó fẹ́ san fún bùbá, orí ni mo ń yí lọ́wọ́ o, ó rò pé n kò gbà, ó fi kún un. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní ẹ̀tàn ọlọ́jà ni, ó sì san án bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run rí ọkàn mi. Orí kì í fọ́ mi lójoojúmọ́ mọ́. Ìgbà tí mo ń kánjú rán aṣọ ilé ìwé ló padà wá, mo sinmi, ó sì lọ.

Ṣùgbọ́n Georgette sọ nǹkan kan fún mi tí o kò sọ. Ó ní ìwọ náà máa ń ti Plateau dé pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn ọrùn, tí o kì í jẹun, tí o ń pa iná sùn. Ó ní tẹlifóònù ibi iṣẹ́ rẹ ni o ń fi èjìká tì mọ́ etí látàárọ̀ kí o lè ráyè fi ọwọ́ kọ̀wé. Sàdíà, fi ọwọ́ dì í mú. Bí àwọn tó ń pè bá ń kánjú, kí wọ́n dúró. Dìde, yí èjìká rẹ, kí o sì lọ bá dókítà obìnrin yẹn, sọ fún un pé ìwọ ni ọmọ bàbá tó lọ ra aṣọ òkú, yóò mọ̀ ọ́. Ẹ̀rù tó bà mí, n kò fẹ́ kó bà ọ́ ní ìwọ nìkan nínú yàrá kan ní Boribana.

Ó ku ti owó. Mo fẹ́ ra àga tó ní ẹ̀yìn, nítorí àpótí tí mo ń jókòó lé kò ní ibi tí mo lè fara tì, ìyá rẹ sì ní bí o bá ń fi ránṣẹ́, kí o má gbàgbé ìró tí o ṣèlérí. Má fi í sí báǹkì o. Nígbà tí mo lọ gba ti ìjelòó, wọ́n ní ìbuwọ́lùwé mi méjèèjì kò jọra. Mo ní ọjọ́ tí mo kọ wọ́n náà kò jọra, wọn kò gbọ́. Gbé e fún Màmúdù, yóò fi rán ẹni tó ń bọ̀ níbí.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Ẹnu tí o fi ń dá àwọn ènìyàn lóhùn kò ní sọ ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́. Gbèsè kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹrù ayé kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò sí ohun tí yóò wúwo lọ́rùn rẹ àfi ọwọ́ ọmọ tí yóò dì mọ́ ọ. Àmín, lágbára Ọlọ́run.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àrìmíyàù, télọ̀.