Ráúndì Kẹjọ Boniface

Emure-Ilé,
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì, 1992.

Fúnmiọlá ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé Èkó ń gbà yín láyè? Ara àwa náà le, àfi orúnkún mi tó máa ń sọ tirẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti mú. Ọlọ́run tí à ń sìn ní ìjọ Àgùdà kò ní jẹ́ kí n fi ojú mi sunkún rẹ.

Ẹ̀rọ fídíò tí o fi ránṣẹ́ dé láìfọ́. Mo máa ń fi aṣọ bò ó, kí eruku má baà wọ ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀, bàbá rẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kásẹ́ẹ̀tì ìjà Boniface tí o bá Bàbá Sylvanus wá rí la fi ṣí i, òun náà la sì ń wò títí dòní.

O mọ̀ pé orúkọ ara rẹ̀ la fi ń pe Bàbá Sylvanus, pé Boniface nìkan ló bí, láti ìgbà tó ti ń kọ ọ̀pẹ lẹ́yìnkùlé wa. O mọ bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe bà á ní ráúndì kẹjọ nínú gbọ̀ngàn Èkó lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tí kò jí mọ́. Nílẹ̀ wa, bàbá kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó lọ sin ín kò júwe ibẹ̀ fún un. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Boniface kọ́kọ́ yọ nínú gíláàsì, ńṣe ni bàbá rẹ̀ dìde tó sì kí i káàbọ̀.

Láti ìgbà náà, bí aago mẹ́rin bá ti lù, yóò ti wẹ̀, yóò wọ ẹ̀wù tí a fi áyọ́ọ̀nù lọ, yóò sì wá jókòó. Múdàṣírù télọ̀ náà máa ń bá a wá. Mo máa ń bu omi sínú ife síwájú ẹ̀rọ, nítorí ọmọ náà ń làágùn púpọ̀. Bí agogo ìparí ráúndì keje bá ti dún, mo máa ń pa ẹ̀rọ náà. Èrò tèmi ni pé bí a kò bá dé ìkẹjọ, kò tíì ṣubú.

Àríyànjiyàn ló kó bá wa. Múdàṣírù ní Boniface kì í ṣe abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò gidi, pé ńṣe ló ń fẹ̀yìn ti okùn, tó ń fi apá bojú bí ẹni tí oyin ń lé. Ó ní Ṣéhù Apá-Irin tí àwọn ń gbọ́ nínú rédíò láyé àtijọ́ ni akọni, nítorí kò fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn rí. Bàbá Sylvanus ní Múdàṣírù kò mọ nǹkan kan ju abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní akọ̀pẹ kì í bá ọ̀pẹ jà, okùn igbà ló máa ń fẹ̀yìn tì kí ó lè pẹ́ lókè, pé òun lòun kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀, kí alátakò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tán ara rẹ̀ lókun. Èmi náà dá sí i, mo ní nínú òbúkọ méjì tó ń jà, èyí tó ń sáré síwájú ló máa ń kọ́kọ́ mí hẹlẹ. Wọ́n ń bá àríyànjiyàn wọn lọ. O kúkú mọ àwọn ọkùnrin.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Múdàṣírù wá sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní bó bá jẹ́ bàbá ló kọ́ ọ, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ yẹn ló pa á. Bàbá Sylvanus kò bínú. Ó kàn ní kí n má pa ẹ̀rọ náà bí agogo keje bá dún, pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun lòun pa ọmọ òun. Mo rán an létí àṣà. Ó ní ìsìnkú ni wọ́n ní kí òun má dé, wọn ò mẹ́nu ba ìjà.

Fúnmiọlá, agogo dún, mi ò pa á. Lóòótọ́ ló ti rẹ alátakò Boniface tó wọ ṣòkòtò pupa yẹn, ọwọ́ rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí aṣọ tútù. Múdàṣírù fúnra rẹ̀ dìde dúró, ó ní ẹ̀kọ́ bàbá ti jẹ́. Àfi bí ẹni yẹn ṣe dijú, tó ju ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo, ó sì bá Boniface lábẹ́ etí. Ó ṣubú, ó kọjú sí wa. Ojú rẹ̀ là, àwa ló ń wò. Adájọ́ ìjà ń kà, Bàbá Sylvanus náà ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Òjò funfun tó ti ń rọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà láti ọjọ́ mélòó kan, nítorí a ti wò ó jù, wá bo orí ọmọ náà, orí ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún funfun bíi ti bàbá rẹ̀. Múdàṣírù ṣí fìlà, ó ní Boniface ju Ṣéhù lọ.

Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ pa ẹ̀rọ náà, ibòmíràn ni mo tẹ̀. Ni Boniface bá dìde. Kì í ṣe bí èèyàn ṣe ń dìde, ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan fà á sókè. Ẹ̀jẹ̀ padà sínú imú rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn kúrò létí rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó ja gbogbo ráúndì náà padà sẹ́yìn títí òógùn fi gbẹ lára rẹ̀, ó gbé agbádá ìjà rẹ̀ wọ̀, ó fẹ̀yìn rìn láàárín èrò dé ẹnu ìlẹ̀kùn kan tó ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó jáde, ìlẹ̀kùn sì pa dé. Nígbà tí mo máa gbé ife, kò sí omi nínú rẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ búra pé òun kọ́ ló mu ún.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá Sylvanus kò fẹ́ ká wò ó síwájú mọ́. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn la ń wò ó. Ó ní òun ti fojú òun rí i pé ọmọ òun jáde láàyè. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn akọni mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ nítorí orúnkún mi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ sí gbọ̀ngàn náà. Wá ìlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn, kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Bí o bá rí i níbẹ̀, má ṣe bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní kó máa bọ̀, ìjà ti tó. Fún un lówó ọkọ̀ dé Ọ̀wọ̀, ó mọ ọ̀nà láti ibẹ̀. A kì í ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mọ́.

Ìwọ náà, ẹnu ọ̀nà yòówù tí o bá gbà wọlé ní Èkó, ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi gbà á jáde. Àṣẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Theresa.