Wọ́n Ní Àwọn Ń Lọ Wo Òkè

Àtìnì, 3 Nòfẹ́ńbà 2025

Ìbídùn ayálégbé mi ló ń kọ èyí. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Mi ò mọ̀wé, ojú ò sì tì mí. Mo ti kìlọ̀ fún un: bí mo bá bú ènìyàn, kó kọ ọ́ bí mo ṣe bú u. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ ìyẹn náà.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀: Àṣírù ọmọ mi wọlé lánàá, ó tẹ́ máàpù sórí ẹní mi. Òun àti Ròdíyátù àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Hervé fẹ́ gun máṣíìnì láti Lomé níbí lọ sí ìlú òkè. Kpalimé, Atakpamé, Badou, títí dé Alédjo. Kí ni wọ́n fẹ́ tà níbẹ̀? Wọn ò fẹ́ ta nǹkan kan. Ta ni wọ́n fẹ́ kí? Wọn ò mọ ẹnì kankan. Wọ́n kàn ń lọ wo òkè ni. Wọ́n ń pè é ní fàkáǹsì.

Ọgbọ̀n ọdún lèmi àti ìyá wọn fi gun òkè wọ̀nyẹn. Èmi níwájú, òun lẹ́yìn, àwo tánganran tí à ń tà yí wa ká. Láti ọjà dé ọjà. Kí ló wà lára òkè tí wọ́n ń wò? Òkè á ba bíréèkì rẹ jẹ́, á wá gbé ẹ sọ sí kòtò.

Onímáàpù ni Àṣírù dà báyìí.

Àlàrùbá, 5 Nòfẹ́ńbà

Hervé wá. Láti òní lọ, Onígíláàsì lorúkọ rẹ̀. Dígí dúdú lójú, nínú ilé. Ó kó ìbọ̀wọ́ dání, ó kó ohun tí wọ́n ń fi bo orúnkún, ó kó ti ìgbọ̀nwọ́. Mo bi í bóyá ogun ló ń lọ. Ó ní, "Ààbò ni, Papa." Kámẹ́rà yọ lórí kásìkì, akoto tó dé sórí, bí ìwo ìgbín.

Jímọ̀, 7 Nòfẹ́ńbà

Mo ti wá mọ ohun tí wọ́n ń wá.

Lẹ́yìn ìrun ni Àṣírù tẹ̀ lé mi wálé. Ó jókòó. Ó ní: "Bàbá, ẹ bá wa lọ. Ẹ ó jókòó sẹ́yìn mi. Tá a bá dé Badou, kí ẹ fi sàárè Màmá hàn wá."

Jẹ̀mílátù ìyá wọn kú ní ọjà Badou. Ọdún kẹfà rèé. Ó ń to àwo lọ́wọ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ó jókòó. Kò dìde mọ́. Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú sùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará Zongo, àdúgbò Mùsùlùmí ibẹ̀, ti bá mi sin ín. Àwọn ọmọ ò lè bá a. Kò sí òkúta níbẹ̀, kò sí orúkọ. Ilẹ̀ lásán ni, bó ṣe yẹ kó rí. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ náà ti kú. Èmi nìkan ló kù tó mọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo sọ̀ kalẹ̀, mo ta máṣíìnì, mi ò gòkè mọ́.

Mo dá a lóhùn. Mo ní ìyá wọn kì í ṣe omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, tí wọ́n á yà wò kí wọ́n tó lọ jẹun.

Ó dìde. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Sátidé, 8 Nòfẹ́ńbà

Ròdíyátù náà dé láti ilé rẹ̀ ní Tokoin Wuiti. Abiyamọ, lórí máṣíìnì tó ga tó màlúù. Ẹnu rẹ̀ mú bí ẹnu ìyá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, bí ẹ bá wá kú ńkọ́?" Mo ní bí mo bá kú, Lomé ni wọ́n á sin mí sí, kó máa wá wo ìyẹn. Ó ní, "Ibi tí Màmá wà la bi yín, ẹ̀ ń sọ ibi tí ẹ̀yin máa wà."

Mo lé e jáde. Ó jẹ ọbẹ̀ mi tán kó tó lọ.

Àtàláátà, 11 Nòfẹ́ńbà

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ibi tí wọ́n máa sùn ni wọ́n ń jà lé lórí. Onígíláàsì ń fẹ́ ibi tí omi gbígbóná bá wà. Lórí òkè! Àwa ń sùn sábẹ́ àtíbàbà ọjà, òjò ń rọ̀, a fi agbada tánganran borí.

Mo kìlọ̀ fún wọn nípa gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn Kpalimé, pé ẹrẹ̀ ni, wọ́n á ti máṣíìnì. Àṣírù ní, "Bàbá, wọ́n ti da ọ̀dà síbẹ̀." Ọ̀dà? Láti ìgbà wo? Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí nínú fóònù. Ilẹ̀ dúdú, ó ń dán. Mi ò dá ibẹ̀ mọ̀.

Mo ní irọ́ ni.

Àlàmísì, 13 Nòfẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti ń bọ̀. Orúnkún ń ro mí. Kò sí ọ̀rọ̀.

Àláàdì, 16 Nòfẹ́ńbà

Àṣírù dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí wa. A ti yọ Badou kúrò. Láti Atakpamé, a ó máa lọ tààrà. Ohun tí ẹ wí la ṣe."

Mo ní ó dáa.

Irú ọmọ wo rèé! Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn? Mo ní kí Àṣírù má fẹ́ ìyàwó tó fẹ́, ó fẹ́ ẹ. Mo ní kí Ròdíyátù má ra máṣíìnì, ó rà á. Èyí tí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yìí ni wọ́n gbọ́.

Ìbídùn ní, "Bàbá, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ lọ." Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọdé ni ẹ́.

Àtìnì, 17 Nòfẹ́ńbà

Àgbà kì í tutọ́ sílẹ̀ kó tún fi ahọ́n lá a. Bí bàbá bá ti ní rárá, kò lè lọ bá ọmọ rẹ̀ pé ó ti di bẹ́ẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ló ń wá bẹ bàbá. Wọ́n á mú àgbàlagbà kan dání, wọ́n á kúnlẹ̀, bàbá á kọ̀, wọ́n á tún bẹ̀ ẹ́, bàbá á wá ṣe bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Bí wọ́n ti ń ṣe é nílé wa ní Ṣakí nìyẹn.

Ta ló wá bẹ̀ mí? Kò sẹ́ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí Lomé! Wọ́n rò pé bákan náà ni gbogbo rárá.

Àlàrùbá, 19 Nòfẹ́ńbà

Mo lọ bá Kọ́lá. A jọ kúrò ní Ṣakí ni. Ó ń ta táyà ní ọjà Assiyéyé. Ọpọlọ rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ìyẹn náà tó. Mo ní kó lọ bá Àṣírù, kó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ará àdúgbò, pé kí wọ́n wá bẹ̀ mí. Kó má dárúkọ mi rárá. Ó ní, "Ìwọ náà! Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Jímọ̀, 21 Nòfẹ́ńbà

Ọmọdé ni.

Ó dá Àṣírù dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, lójú gbogbo jàmáà, ó ní: "Bàbá rẹ ní kí n má sọ fún ẹ pé òun ló rán mi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Lèmọ́mù fi bojú wẹ̀yìn. Mò ń wá bàtà mi lọ́wọ́. Bàtà ẹlòmíràn ni mo wọ̀ délé.

Sátidé, 22 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n wá. Kọ́lá níwájú bí ọba, Ròdíyátù lórí ìkúnlẹ̀, Àṣírù lórí àyà. Onígíláàsì náà dọ̀bálẹ̀, kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó dà bí ẹni tó ń wá owó lábẹ́ àga. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá." Mo kọ̀. Wọ́n tún bẹ̀ mí. Mo jẹ́ kó pẹ́ dáadáa. Mo wá ní wọ́n fipá mú mi.

Ròdíyátù ní, "A mọ̀, Bàbá mi." Ó ń pa ẹ̀rín mọ́nú. Ọmọ burúkú.

Badou ti padà sórí máàpù. Sátidé tó ń bọ̀ la máa jáde.

Àtàláátà, 25 Nòfẹ́ńbà

Wọ́n ra kásìkì fún mi. Ìkòkò ni. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ nínú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló dára lára rẹ̀.

Àlàmísì, 27 Nòfẹ́ńbà

Àṣírù ní kí a kọ́kọ́ jáde díẹ̀, kí òun lè wo bí mo ṣe ń jókòó. Èmi! A gba ọ̀nà Aného, a kọjá ibùdó ọkọ̀ ojú omi, a forí lé Kpogan.

Mi ò jókòó sẹ́yìn máṣíìnì ara mi rí. Ẹni tó wà níwájú, ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́, ojú rẹ̀ níṣẹ́. Ẹni ẹ̀yìn ò níṣẹ́ kankan. Á kàn máa wò kiri ni. Òkun wà lápá ọ̀tún, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n. Mi ò mọ̀ pé òkun sún mọ́ ọ̀nà yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Lórí òkè, ìyá wọn máa ń gbá mi léjìká. Á ní, "Bàbá Àṣírù, wò ó!" Èmi á ní kó jókòó dáadáa. Obìnrin yẹn! Ó jẹ gbogbo fàkáǹsì rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó fi bíréèkì sílẹ̀ fún mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi. Ẹ̀yìn Àṣírù ni mò ń wò, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn rọrùn láti bá sọ̀rọ̀. Mo ṣí ìkòkò orí mi sókè, mo pariwo ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Mo sọ ibẹ̀ fún un: lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí Zongo, níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, lápá tó kọjú sí àfonífojì. Mo ní èmi ni mo wọ inú ilẹ̀ gbà á. Mo ní ó fúyẹ́. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Máṣíìnì ń rọra lọ, ó ń rọra lọ, títí ó fi dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Ó bọ́ kásìkì rẹ̀. Kò yíjú sí mi.

Mo ní, "Ó tán. Ẹ ti mọ ibẹ̀. Ẹ máa lọ, èmi á dúró sílé. Kí lẹ tún fẹ́ fi arúgbó ṣe?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀."

Irọ́ ni. Ọmọ mi ń purọ́ fún mi lọ́sàn-án gangan, lójú títì, bí àgbàlagbà Ṣakí.

Mo ní, "Etí rẹ ò dáa láti kékeré. Ó di ìgbà tá a bá débẹ̀, kí n fi ọwọ́ ara mi tọ́ka ibẹ̀ fún ẹ."