Àǹtí Rọra, Ẹni Tí Kì Í Tètè Dá Ṣòkòtò Padà

Inú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn tó jẹ́ télọ̀ ni a bí olóògbé sí ní ọdún 1957. Ìyá wọn ń fọṣọ fún ènìyàn. Àbúrò wọn obìnrin kan ṣoṣo ló tẹ̀lé wọn. Òun ni ìdílé ní kó kọ ìwé yìí. Ìwé rẹ̀ kò jinlẹ̀, ẹ bá a mú un mọ́ra.

Ní 1969, aṣọ ilé-ìwé há mọ́ olóògbé lára, àwọn ọmọ kíláàsì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọn kò padà síbẹ̀ mọ́.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1980. Ọkọ wọn kú ní ọdún kẹrin, ọmọ kò sí. Láti ìgbà náà, àwo kan, ṣíbí kan.

Ní 1985, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí géètì ilé-ìwé girama. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tú etí ṣòkòtò tó bá ti kúrú. Bí ìjà àwọn ọmọ àdúgbò òkè àti ti ìsàlẹ̀ bá sì ń gbóná, wọ́n á pe èyí tí ojú rẹ̀ ti pọ́n fún ìjà wọlé.

“Ìdí ṣòkòtò ẹ ti já. Bọ́ ọ.”

Kò sí ohun tó já. Wọ́n á fún un ní síkẹ́ẹ̀tì kó fi bo ìdí, wọ́n á máa tú, wọ́n á máa rán.

“Àǹtí, ẹ ṣe kíá!”

“Rọra, ọkọ mi. Àbí síkẹ́ẹ̀tì lo fẹ́ wọ̀ lọ jà?”

Kí ṣòkòtò tó padà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ìjà á ti tú ká, ọmọ á gba kíláàsì lọ.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àkọ́bí àbúrò wọn ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù, tó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀. Aṣọ ìyàwó kan gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n yára dá ṣòkòtò padà fún un. Ọmọ náà lọ síbi ìjà, kò bọ̀ láàyè.

Àbúrò wọn sọ pé, “Ọmọ tèmi nìkan lẹ yára fún.” Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọdún méjì gbáko, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nílé ìjọsìn, olóògbé ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọ́n á ti jáde kí á tó ṣe oore-ọ̀fẹ́.

Ní 2021, ṣòkòtò àbíkẹ́yìn àbúrò wọn kúrú. Àbúrò wọn gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò lè wọlé. Olóògbé na ọwọ́, wọ́n gbà á. Láti ọjọ́ náà, orí tábìlì gígé aṣọ ni ọmọ náà ti ń kàwé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2024, oníbàárà kan bá wọn lórí àga ìránṣọ. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ẹ̀mí bọ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tó kù lẹ́yìn wọn ni àbúrò kan àti ọmọ àbúrò kan. Iye ọmọ tí wọ́n dá dúró, ìdílé kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọmọ òkè yóò wá síbi ìsìnkú, ti ìsàlẹ̀ yóò wá. Inú ọmọ tó kù yìí kò tíì rọ̀ lórí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìdílé kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má béèrè rẹ̀ létí ibojì: wákàtí yẹn gan-an ni ìdánwò àṣekágbá rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá sì pẹ́ kó tó dé, ẹ ní sùúrù. Ó ń dúró kí wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò mọ́ ọmọ náà ni.

Ẹ sùn re o, ẹ̀gbọ́n. Ilé ti ṣófo. Kí Ọlọ́run bá wa gbé ibẹ̀.