Wǒ, Nǐ, Tā Láàárín Ìjọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Máàṣì 1981
"Adépéjú! Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá? Ẹ̀mí wo ló wọ ulé mi yìí? Jésù! Jésù! Jésù!"
Bí Ìjọba ṣe pariwo nù un. Màmá mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, òfin rẹ̀ kì í tán. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Kò sí ẹ̀mí kankan. Rédíò ni, èdè Ṣáínà tí wọ́n ń kọ́ni nínú rẹ̀ ni mò ń sọ tẹ̀lé. Bọ̀dá Japhet, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ló fi í sílẹ̀ nígbà tó lọ ṣe tíṣà ní Kàdúná, òun àti ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ará Ṣáínà fi ránṣẹ́ sí i láti fi kọ́ èdè wọn. Mo ti kúrò ní sùkúù. Kí ni kí n máa ṣe – kí n jókòó máa wo èèpo ẹ̀gẹ́?

Ọjọ́rú, 4
Wǒ – èmi. Ohùn á rì wálẹ̀, á tún gòkè, bí ẹni tó kó sí kòtò tó dìde. Nǐ – ìwọ, bákan náà. Tā – òun. Ilà gbọọrọ tó wà lórí rẹ̀, mo rò pé ohùn àárín ni. Rárá. Òkè ni, kó má mì. Mo fẹ́ràn tā. Ọkùnrin o, obìnrin o, tā ni lẹ́nu, bí òun tiwa. Kì í ṣe bíi "hí" àti "ṣí" Òyìnbó tó sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Wọ́n tiẹ̀ ní nín fún àgbà, bí ẹ tiwa.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Ọlọ́run mi.
Ìjọba fà mí lọ bá Ìyá Agogo, aríran ìjọ Aládùúrà wa – agogo ló máa ń lù kó tó ríran. Àwọn ará ìjọ kúnlẹ̀ yí mi ká. Ìyá Agogo ní, "Ọmọ, sọ èdè tí ò ń sọ nílé." Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ: wǒ, nǐ, tā. Wǒmen, nǐmen, tāmen – àwa, ẹ̀yin, àwọn. Ìjọ hó yèè. Halelúyà! Ìyá Agogo túmọ̀ rẹ̀: "Ẹ̀mí ní kí Keziah má kúrò lábẹ́ ààbò. Inú ilé àdúrà ni yóò bí sí. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ọsibítù."
Ẹ̀gbọ́n mi ni Àǹtí Keziah. Oyún rẹ̀ ti pé. Èmi, ìwọ, òun ni mo sọ. Kò sí ọsibítù níbẹ̀!

Ọjọ́ Ajé, 9
Susanna ọ̀rẹ́ mi wá. "Wòlíì Kékeré, wo ọwọ́ mi, ta ni n ó fẹ́?" Mo ní ewúrẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín.

Ọjọ́bọ̀, 12
Ẹsẹ̀ Àǹtí Keziah ti wú bí odó. Orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Nọ́ọ̀sì kan wá láti Ìlofà, ó ní kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù Òmù-Àrán kíákíá, ewu wà. Ìjọba ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ọlọ́run ti gba ẹnu ọmọ mi sọ̀rọ̀."
Ẹnu mi yìí! Ẹnu mi yìí!

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Mo jẹ́wọ́. Mo ní màámi, èdè Ṣáínà ni, inú rédíò ni mo ti gbọ́ ọ. Mo ṣí ìwé náà fún un, ó gbá mi létí. Ó ní èṣù ló fẹ́ gba ẹ̀bùn mi. Ó ní ṣé àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe ẹni Ọlọ́run ni, ṣebí èdè tí wọn ò kọ́ ni àwọn àpọ́sítélì náà sọ.
Mo ní, "Èmi kọ́ ọ, màámi!"
Kò gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14
Àǹtí Keziah di ọwọ́ mi mú lórí ẹní. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni Ọlọ́run sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá ti jẹ́ ẹnu Péjú òun ni, ẹ̀rù ò ba òun. Mo sá síta.

Ọjọ́ Àìkú, 15. Àárọ̀
Wọn ò tíì wọlé ìsìn. Àǹtí Keziah ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.
Mo sọ òtítọ́, kò ṣiṣẹ́. Irọ́ ló kù. N ó bọ́ sáàárín ìjọ, n ó ṣubú, n ó gbọ̀n, gbogbo èdè Ṣáínà tí mo mọ̀ ni n ó pariwo. Èmi fúnra mi ni n ó túmọ̀ rẹ̀, kí Ìyá Agogo tó lanu: ẹ gbé Keziah lọ Òmù-Àrán, nísinsìnyí.
Bí Ọlọ́run bá máa bínú, kó bínú sí èmi nìkan. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé – àní Àǹtí Keziah pàápàá, bó bá yè.