Ọwọ́ Tó Dúró De Ọmọdé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Wa

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1941 ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá wọn, tó jẹ́ káfíńtà, ti ń kan bẹ́ǹṣì fún ilé ìwé ìjọ. Aránṣọ ni ìyá tó bí wọn. Màmá ni àkọ́bí nínú ọmọ márùn-ún. Àwọn àgbà ẹbí máa ń sọ pé nígbà tí Màmá ṣì ń rákò, wọ́n á fi ìka tọ ìlà tí bàbá wọn fi ṣọ́ọ̀kì fà sára pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò ní yà.

Ní ọdún 1947 wọ́n wọ ilé ìwé ìjọ, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì bàbá wọn. Ní 1961 wọ́n jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n gba kíláàsì àkọ́kọ́, wọn kò sì fẹ́ òmíràn mọ́. Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí ẹni tó mọ̀lé dúró.

Ní 1965 Màmá di aya akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ kan, bàbá wa, ẹni jẹ́jẹ́ tó máa ń sọ pé àwọn kò lè bá olùkọ́ jiyàn, kí wọ́n má baà ní kí àwọn lọ kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní 1974 ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pe Màmá kí wọ́n wá máa kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé ní ìwé kíkà. Ojú wọn kì í hàn. Ọwọ́ wọn nìkan ni àwọn ọmọ ń rí, tó ń rìn jẹ́jẹ́ lábẹ́ ọ̀rọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe sọ wọ́n ní Màmá Ọlọ́wọ́. Bí Màmá bá ń gé èékánná, tí wọ́n ń fi òróró pa ọwọ́, Bàbá á ní ọwọ́ ti ń lọ sóde, ó tún fẹ́ fi àwọn sílé.

Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún márùn-ún, kì í jẹ́ kí ètò náà fo òun. Kí ọwọ́ tó dé abẹ́ ọ̀rọ̀ ló ti pè é. Màmá ń yangàn, pàápàá lójú ìyá ọkọ wọn, tí wọ́n gbà pé àpótí tẹlifíṣọ̀n kì í kọ́ ọmọ níwèé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní 1976, níwájú ìyá ọkọ yìí, Màmá kọ “ilé” sẹ́yìn àpòòwé, wọ́n ní kí ọmọ náà kà á. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó tún yẹ inú rẹ̀ wò.

“Màmá, àwòrán rẹ̀ ńkọ́?”

Ìyá ọkọ kàn ń ká aṣọ wọn lọ, ìyẹn sì dun Màmá ju èébú lọ. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń fi àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, àṣé àwòrán ni àwọn ọmọ ń kà.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tọ ọ̀gá ilé iṣẹ́ lọ. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ máa jáde láìsí àwòrán, kí ọwọ́ kọjá lábẹ́ rẹ̀, kí ohun gbogbo sì dákẹ́ títí èèyàn á fi ka ení dé àrún, kí àwòrán tó yọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn èèyàn á rò pé tẹlifíṣọ̀n àwọn ti kú.

Màmá ní, “Ọ̀gá, ẹni tó bi ọmọ ní ìbéèrè, tó tún dá ara rẹ̀ lóhùn, ta ló kọ́?”

Ọ̀gá fún wọn ní oṣù mẹ́fà. Bí ẹjọ́ bá pọ̀, ètò náà á kúrò pátápátá.

Ẹjọ́ sì pọ̀. Àwọn òbí ń gbá tẹlifíṣọ̀n létí; àwọn mìíràn gbé e lọ fún atúnṣe. Ọ̀kan nínú àwọn atúnṣe náà á tan ẹ̀rọ sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti fi han oníbàárà pé kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́, àwọn ọmọ tó dúró níta á fi igbe dáhùn. Òun náà, tí kò dé ilé ìwé rí, bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lábẹ́ ẹnu. Ní oṣù kẹfà, ìwé kan dé orí tábìlì ọ̀gá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń gùnkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀: “Ẹ má yọ ọwọ́ yẹn o. Èmi tí mò ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mo kọ ọ́.” Ọ̀gá na ìwé náà sí Màmá. Ọdún mọ́kànlélógún ni ètò náà lò lẹ́yìn ìyẹn. Àbíkẹ́yìn ti ka àpòòwé rẹ̀ tipẹ́. Ìyá bàbá rẹ̀ ní kó tún un kà, kó tún un kà.

Nínú ìjọ, Màmá kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà lẹ́yìn ìsìn fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó bá kánjú bá ẹnìkejì dáhùn, Màmá á rọra fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Ní 2019 àìsàn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Àbíkẹ́yìn, tó ti di olùkọ́ kíláàsì àkọ́kọ́, wá fídíò ètò àtijọ́ rí, ó sì tàn án fún wọn. Ọwọ́ náà kọjá lábẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó ti lanu láti bá wọn sọ ọ́, ó rántí, ó pa ẹnu mọ́. Ó ti ka ení dé ẹ̀rin kí Màmá tó sọ pé, “Ilé.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ọdún 2023, tí wọ́n sùn nínú Olúwa.

Bàbá ti ṣáájú wọn ní 2008. Màmá fi ọmọ mẹ́ta sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, àrọ́mọdọ́mọ méjì, àbúrò kan, àti ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mọ ojú wọn àmọ́ tí wọ́n mọ ọwọ́ wọn.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dákẹ́ títí ẹ ó fi ka ení dé àrún. Màmá kì í kán ẹnikẹ́ni lójú.

Sùn re o, Màmá Ọlọ́wọ́. Kí ọwọ́ tó fi sùúrù dúró dè wá bọ́ sínú ọwọ́ Olúwa tó ti ń dúró dè é.