Ẹni Tí Yóò Máa Bá Bàbá Tẹ́ Bébà

Ẹ̀gbọ́n mi Tushar,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Mumbai. Ayọ̀ ìgbéyàwó ń pa mí bí ọtí. Nirmalya ọkọ mi ló ń se ẹja fún mi, ìyá rẹ̀ sì ń bi wá pé, "Ta gan-an ni ìyàwó nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo lọ kí Bàbá ní Bolpur. Ẹ rántí pé tí wọ́n bá ti fi tàdáwà kun pátákó tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán, èmi tí ọwọ́ mi mọ́ ni mo máa ń tẹ́ bébà àfọwọ́ṣe lé e. Ní báyìí, àmì àtàǹpàkò dúdú wà létí gbogbo bébà.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Ìbuwọ́lùwé mi tuntun ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ti àpótí bébà pa. Wọ́n ní iṣẹ́ àwòrán ti tó àwọn.

Níbi tí inú mi ti ń dùn, mi ò ronú ẹni tó máa gba ipò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lo ìsinmi yín lọ́dọ̀ wọn. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ ṣì bá wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Àbúrò yín,
Kakoli